Mo Ra Benz Kí N Tó Wá Ẹni Tí Yóò Máa Tún Un Ṣe

Kajú ló fún mi lówó, ojú ayé ló bá mi ná an.

Mo ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìjùmú àti Bùnú, mo sì ń kó o jọ sí Kàbbà kí tirela tó wá gbé e lọ sí Èkó. Toyota Corolla kan tí wọ́n ṣe ní 2003 ló ń gbé mi kiri láti 2011, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Ìparí ọdún 2018 la sìnkú ìyá mi ní Ìsánlú. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ bẹ̀rẹ̀ òwò gbé jíìpù ńlá wọlé, àwọn ọmọdé sáré tẹ̀lé e. Èmi tí mo ni òkú, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ní kí n gbé Corolla mi lọ kí àlejò lè ráyè. Ẹnikẹ́ni ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni mo dúró lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada ìresì, tí mò ń wo mọ́tò mi bíi pé ó ṣẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà, ó ku oṣù mẹ́fà kí n tó fojú kan Benz kankan.

Àbúrò mi tó ń gbé Èkó ló tẹ̀lé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ ní 2019. Fóònù ni àbúrò mi ń tà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí a dé, ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ kalẹ̀, AC sì ti tutù nini. Àwọn bàbá wa ò purọ́ tí wọ́n ń pè é ní mẹ̀sí ọlọ́yẹ́. E350 ti 2006 ni, aláwọ̀ eérú. Mo jókòó sórí àga awọ rẹ̀, mo fọwọ́ pa igi dídán tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ síwájú, mo sì ti ra ọkọ̀ náà tán lọ́kàn mi kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Máìlì 78,000 ni mítà rẹ̀ kà. ₦2,900,000 ni mo san.

Ẹni tó bá tan ẹ́ńjìnnì dè yín, ó lè jẹ́ pé ó lawọ́ sí yín ni, ó sì lè jẹ́ pé ìró kan wà tí kò fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ́ńjìnnì tó sùn mọ́jú ló ń sọ tinú rẹ̀. Tí nǹkan bá fẹ́ hó nínú rẹ̀, kété tí wọ́n bá tan án láàárọ̀ ni yóò hó. Ní báyìí, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n bá òun wo ọkọ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, a ó padà wá lọ́la ní aago méje.

Ohun kejì ni lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá awakọ̀. W ló bẹ̀rẹ̀ tèmi, ìyẹn ni pé Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Ọkọ̀ tó bá ti gbé Amẹ́ríkà rí, a lè fi nọ́ńbà yìí ra ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Carfax wà lára àwọn tó ń tà á, owó rẹ̀ ò sì tó owó táyà kan. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí mo rà á tán ni mo tó ṣe é, nígbà tí oorun ò kun ojú mi mọ́. Ìtàn náà ní ọkọ̀ yìí ti rin máìlì 131,000 ní 2014. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá pa fóònù.

Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù nìkan ni mo yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi lójú pópó. Ìwé pé pérépéré. Mo wá ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ pé, ara rẹ̀ náà á dá.

Ìbéèrè kan wà tí n kò bi ẹnikẹ́ni, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí: ta ni yóò máa tọ́jú ọkọ̀ yìí fún mi ní Kàbbà?

A gba Ìbàdàn, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Ìkárẹ́, a já sí Ayéré. Inú mi dùn débi pé mo ń dá kọrin. Lẹ́yìn Ọ̀wọ̀ ni iná kékeré kan tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì, aláwọ̀ ọsàn, tàn síwájú mi. Mo ní bóyá epo tí mo rà ni. Mo yí rédíò sókè. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti ta Corolla. Àṣìṣe tó tún burú ju ríra Benz lọ nìyẹn: ẹni tó bá ń kọ́ bí a ṣe ń gun ẹṣin kì í kọ́kọ́ sun bàtà rẹ̀ níná.

Bọ̀ọ̀dá ni mò ń pe mẹkáníìkì mi ní Kàbbà, èmi àti ẹ̀ ti jọ pẹ́. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ó kí mi bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa: “Ìyá Ìbejì, òkun o. Ẹ kú oríire. Mọ́tò ni mọ́tò. Òyìnbó tó ṣe léèdì náà ló ṣe ìrésà.” Bó ṣe fọkàn balẹ̀ tó yẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Ó da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ó rọ ike lítà mẹ́rin kan sí i, ẹ́ńjìnnì ń wò ó. Corolla mi kì í jẹ tó lítà mẹ́rin. Nǹkan bíi lítà mẹ́jọ ni eléyìí ń jẹ. Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń wá ibi tó ń jò. Ọ́ìlì 20W-50 tó nípọn, tí gbogbo wa ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, la rọ sínú rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà ni ọ́ìlì tó fúyẹ́, irú 5W-40, tí wọ́n kọ 229.5 sí ẹ̀yìn ike rẹ̀, nọ́ńbà tí Benz fi ń fọwọ́ sí ọ́ìlì. Ìwé yẹn wà nínú àpò ọkọ̀ látọjọ́ tí mo ti rà á. Ọ̀rá rẹ̀ ni n kò tíì já.

Ní ti iná àwọ̀ ọsàn, ọmọkùnrin rìwáyà kan mú skánà pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ wá, èyí tí wọ́n ń so mọ́ fóònù. Ó ní sẹ́ńsọ̀ camshaft ni, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣí fáàfù. A rà á, a pààrọ̀ rẹ̀. Iná kú fún ọjọ́ mẹ́rin, ó tún tàn. A ra ìkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní mágínẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú rẹ̀ ni, a ra ìyẹn náà. Bí ẹni tí orí ń fọ́, tí à ń pààrọ̀ fìlà fún ni. Skánà ò purọ́ o: ibi tí ara ti ń ro ọkọ̀ ló tọ́ka sí, kò sọ pé ibẹ̀ ni àìsàn ti wọlé. Ẹni tó ń kà á ló yẹ kó mọ ìyàtọ̀, kò sì sí ìkankan nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ₦180,000 tó bá irin kéékèèké wọ̀nyí lọ kí n tó fọwọ́ òṣì tẹ́rí.

Mo fẹ́ fi ibi tó kàn yìí sílẹ̀, àmọ́ ìdí rẹ̀ gan-an ni mo fi ń kọ gbogbo èyí.

Oṣù kọkànlá ni bíréékì iwájú bẹ̀rẹ̀ sí han. Páàdì ti tán. Iṣẹ́ páàdì kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé e fún. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó tú táyà òsì, ó fa páàdì àtijọ́ yọ, ó ki ìka bọ inú ibi tí páàdì ń jókòó sí, ó ń fi àkísà nu eruku rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, mò ń jẹ ẹ̀pà. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi sáré lọ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ kó lè mú ṣájà rẹ̀. Ohùn kan dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, zìììì, bí ẹ̀fọn ńlá. Ọmọ iṣẹ́ náà figbe ta. Irin inú bíréékì ti yọ jáde fúnra rẹ̀, ó ti ká ìka rẹ̀ mọ́ ara irin títẹ́jú tó ń yí pẹ̀lú táyà. Ó fi gbogbo ara fà á. Ìka jáde, èékánná kù síbẹ̀.

N kò jẹ ẹ̀pà yẹn tán. Eegun rẹ̀ ò kán, a dúpẹ́. Mo san owó ilé ìwòsàn, mo sì lọ bá ìyá rẹ̀ nílé, mo kúnlẹ̀. Obìnrin náà ò bínú. Ohun tó bi mí ni pé, “Irú mọ́tò wo ló ń bu ọmọ ẹni jẹ?” Mi ò ní èsì kankan, torí èmi náà ò mọ irú mọ́tò tí mo rà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó já ọ̀rá ìwé ọkọ̀ náà. SBC ni wọ́n ń pe bíréékì rẹ̀. Ti Corolla, ẹsẹ̀ ẹni ló ń ti omi bíréékì. Nínú eléyìí, kọ̀ǹpútà ló ń gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ sọ, ẹ̀rọ kan tó ń lo iná bátìrì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, tàbí tí ẹ tẹ rìmóòtù, ẹ̀rọ náà á jí, á fún bíréékì wò bóyá ó dá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà mú un sùn kó tó fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe àṣírí. Ní 2005 ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà láti tún oríṣiríṣi nǹkan ṣe lára wọn, bíréékì yìí sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ojú E-Class, ìdílé Benz tí E350 mi wà, ṣe ní 2006, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Gbogbo ayé tó bìkítà ló mọ̀. Èmi tí mo sanwó ni n kò mọ̀. Ká ní mo ra èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn àtúnṣe yẹn, ọmọ ọlọ́mọ ì bá ní èékánná rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀rù wá bà mí débi pé mo sá lọ sí òdìkejì. Mo gbé ọkọ̀ náà lọ sí ilé ìtúnṣe ńlá kan ní Àbújá, ní oṣù kẹta 2020. Ilẹ̀ wọn ń dán, wọ́n fún mi ní tíì. ₦35,000 ni wọ́n gbà láti yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Jíà kékeré kan wà nínú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí eyín rẹ̀ ti jẹ. Ìyẹn ló ń mú kí ṣéènì pẹ́ lẹ́yìn, tí camshaft fi ń dé lẹ́yìn àkókò rẹ̀. Gbogbo sẹ́ńsọ̀ tí mo rà ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Àmọ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi, ₦1,350,000 ni fún jíà yẹn, lẹ́yìn náà ni wọ́n to nǹkan mọ́kànlá mìíràn sísàlẹ̀ rẹ̀, láì sọ èyí tó kánjú àti èyí tó lè dúró. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n rò ó. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ni wọ́n ti Àbújá pa nítorí kòrónà. Ìgbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà láàrin ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ní oṣù keje ni mo tó tún fojú kan ọkọ̀ mi. Bátìrì tí mo bá lára rẹ̀ kọ́ ni mo gbé síbẹ̀. Mo béèrè, olúkúlùkù ń na ìka sí ẹlòmíì. Kò sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ mi. Kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ fi fóònù ya bátìrì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó wà nínú búùtù, àti mítà. Kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ọ̀kadà ló ń gbé mi lọ sí oko kajú ní Bùnú. Àwọn àgbẹ̀ ń bi mí pé, “Ìyá Ìbejì, ọkọ̀ ńlá yẹn ńkọ́?” Mo máa ń ní ó wà ní Àbújá, bíi pé iṣẹ́ ló rán an.

Pásítọ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ̀, tó ń lo Benz tó dàgbà ju tèmi lọ, ló darí mi sí Ìlọrin. Lọ́tẹ̀ yìí n kò gbé ọkọ̀ dání. Ọ̀sán ọjọ́ Tuesday ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ, èmi nìkan, mo lọ wo ẹni tí mo fẹ́ fi ọkọ̀ lé lọ́wọ́, bí ìgbà tí ìdílé bá ń ṣe ìwádìí kí wọ́n tó fọmọ fún ọkọ. Ṣọ́ọ̀bù náà ò ní àga tìmùtìmù. Bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló ni ín. Ọkọ̀ méje wà nílẹ̀, Benz ni gbogbo wọn, ẹni méjì tó ni wọ́n sì wà níjòkòó. Mo bi àwọn ìyẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọdún mélòó ni ẹ ti ń wá? Ǹjẹ́ wọ́n máa ń fún yín ní irin àtijọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀? Ọ̀kan ní ọdún mẹ́sàn-án. Èkejì tọ́ka sí àpò ìrẹsì kan nínú búùtù rẹ̀, tí irin kún inú rẹ̀.

Mo wá bi bàbá náà ní ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti máa bi gbogbo ènìyàn: “Bàbá, kí ni ẹ̀yin kì í tún ṣe?”

Ó rò ó díẹ̀. “BMW. Pánẹ́ẹ̀lì. Àti ọkọ̀ ẹni tó bá ń kánjú.”

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo gbé ọkọ̀ náà lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti bó ló fi yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì fọwọ́ kan síbanà kankan kó tó kà á tán. Ó wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ó mirí. Ó ní àwọn ẹ́ńjìnnì V6 yìí tí wọ́n ṣe títí dé nǹkan bí 2006 ni jíà wọn máa ń jẹ bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà yẹn sì ni a fi ń mọ̀ wọ́n kí a tó rà. Kò sí ọ̀nà àbùjá: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde. ₦620,000, iṣẹ́ àti irin, ọjọ́ mọ́kànlá.

Nígbà tí mo padà lọ, ó gbé jíà àtijọ́ náà lé mi lọ́wọ́. Kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò lọ, ó ṣì ń yọ̀ fún ọ́ìlì. Apá kan eyín rẹ̀ ti rọ́, ó tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí eyín àgbàlagbà tí obì ti jẹ. Mo fi èékánná tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí ohun kékeré yìí ni mo ṣe ta Corolla mi lófò, ni mo ṣe gun ọ̀kadà nínú òjò.

Bàbá náà tún fi ohun kan hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ bíréékì yẹn ń ka iye ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́, tó bá sì ti pé iye tí wọ́n bù fún un, á kọ ọ́ síwájú awakọ̀ pé kó lọ sí ilé ìtúnṣe. Tó bá wá kọṣẹ́ pátápátá, táyà iwájú méjèèjì nìkan ni bíréékì yóò kù sí, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni yóò sì fi gbogbo agbára tì í. Tèmi ti fẹ́ pé. Ó ní àwọn kan wà tó máa ń fi kọ̀ǹpútà dá kíkà náà padà sí òdo, tí wọ́n á gbowó, tí wọn ò ní pààrọ̀ nǹkan kan. Mo rántí àwọn tirela sìmẹ́ńtì tó ń bọ̀ láti Ọbàjánà, bí wọ́n ṣe ń sáré lórí títì kọnkéré kìlómítà 43 tó já sí Kàbbà, mo sì wá owó ẹ̀rọ náà. Ìyẹn jẹ́ 2021. Nígbà tí mo ṣírò gbogbo rẹ̀, ó lé ní ìdajì owó tí mo fi ra ọkọ̀ náà tó ti bá àtúnṣe lọ láàrin ọdún méjì.

Ṣé kí n wá pa Bọ̀ọ̀dá tì? Àwọn ará ilé ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Ìlọrin ò sí lẹ́yìn ilé mi, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo bẹ Bọ̀ọ̀dá kó bá mi lọ. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ọ̀gá ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, kò fẹ́ lọ jókòó síwájú ọ̀gá ẹlòmíì. Nígbà tó yá ó tẹ̀ lé mi, ó sì lóṣòó ti kọ̀ǹpútà yẹn fún ọjọ́ méjì, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé ọmọ iléèwé. A wá pín iṣẹ́: ọ́ìlì, fílítà, táyà, bátìrì, Kàbbà. Èmi ni mo máa ń ra ọ́ìlì náà fúnra mi ní Ìlọrin, lítà mẹ́jọ àti fílítà rẹ̀, mo ń kó o wálé. Ní gbogbo kìlómítà 8,000 la ń pààrọ̀ rẹ̀, torí eruku wa pọ̀. Bíréékì, jíà, àti ohunkóhun tó bá tan iná síwájú mi, Ìlọrin, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Tí iná bá tàn láàrin, Bọ̀ọ̀dá á pe bàbá náà lórí fóònù kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Mo ṣì ní ọkọ̀ náà. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023, ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ìnáwó ló kù tó ń gbé mi lọ. Mo ti ra Corolla mìíràn fún oko.

Ọmọ iṣẹ́ yẹn ti gba òmìnira, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Èékánná náà ti hù padà, ó wọ́ díẹ̀. Mo gbé Corolla tuntun mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá fún páàdì. Ó na ọwọ́ sí mi, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó fi sápò, ó wo inú ọkọ̀ bóyá ọmọ kankan wà níbẹ̀, ó wá ti gbogbo ilẹ̀kùn. Oníbàárà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Corolla náà máa ń sá lọ ni. Ọmọ náà ò dá a lóhùn. Ó lóṣòó, ó sì ki ọwọ́ bọ inú táyà.